Wáyà jíà kẹ̀kẹ́ yín ti ń tú fọ́nrán? Bẹ́ ẹ ṣe máa pààrọ̀ ẹ̀ kó tó já sínú ọwọ́ jíà

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, jíà ẹ̀yìn mi ò wọlé dáadáa mọ́. Mo yí ajọ́sítà lánàá ó gbà, nígbà tó di àárọ̀ yìí ó tún ti padà síbi tó wà, ṣé derailleur ló kú ni?" Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ derailleur o, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ṣéènì láti orí jíà kan bọ́ sórí òmíràn. Tí jíà bá ń ṣe báyìí, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò, pàápàá ìdí orí ẹ̀ tó wà nínú ọwọ́ jíà (ibi tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ láti pààrọ̀ jíà), torí ibẹ̀ ló ti máa ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tójú ò ní tó o. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yí ajọ́sítà yẹn, ńṣe lẹ̀ ń bá wáyà tó ń kú lọ bo àṣírí, ọjọ́ tí àṣírí bá sì máa tú, ó lè jẹ́ ìdí òkè tó jìnnà sílé ló máa tú u sí.

Kẹ̀kẹ́ eré ni mò ń sọ, èyí tí ìdarí ẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tí búrékì àti jíà jọ wà lójú kan náà. Tó bá jẹ́ oníbátìrì bíi Di2 ti Shimano lẹ ní, kò sí wáyà tó ń fa jíà níbẹ̀, ẹ máa gbádùn ara yín.

Bí mo ṣe máa pe nǹkan rèé ká má baà ṣi ara wa gbọ́. Wáyà ni irin tínínrín tó ń fa jíà. Rọ́bà wáyà ni ọ̀pá dúdú tí wáyà ń gba inú ẹ̀ kọjá. Orí wáyà ni kókó kékeré tó wà ní ẹnu kan. Ajọ́sítà ni nǹkan roboto tẹ́ ẹ máa ń fi ọwọ́ yí lára derailleur tàbí lára fírémù. Bóòtì wáyà ni èyí tó di wáyà mú lára derailleur.

## Àmì tẹ́ ẹ máa rí

- Ṣéènì ń lọ́ra kó tó gun jíà ńlá lẹ́yìn, tàbí ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ láàárín méjì
- Ẹ ti yí ajọ́sítà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, apá kan náà lẹ sì ń yí i sí
- Ọwọ́ jíà ti le, tàbí ó ń há díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí jíà kékeré
- Ẹ gbọ́ "tá" kékeré kan nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá rò pé òkúta ló ta
- Fọ́nrán irin ń yọ bí irun imú níbì kan lára wáyà

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò le. Ọ̀pọ̀ wáyà jíà jẹ́ fọ́nrán wẹ́wẹ́ 19 tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra. Nínú ọwọ́ jíà, wáyà yẹn máa ń yí po lára kẹ̀kẹ́ kékeré kan, ó sì ń ká kọ̀rọ̀ níbi tí àyè ti há gan-an, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ jíà ló ń ká tó ń nà. Ẹ mú irin tínínrín kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ṣé kò ní já? Bó ṣe rí nìyẹn. Tí fọ́nrán mẹ́ta mẹ́rin bá já, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í nà, wáyà á dẹ̀, derailleur ò ní gùn débi tó yẹ kó gùn. Ẹ̀yin á yí ajọ́sítà, á gbà fún ọjọ́ méjì, òmíràn á tún já.

## Ibo ló ti ń tú? Ìyẹn ló máa sọ bó ṣe yá tó

Ìrù wáyà, lẹ́yìn bóòtì. Tó bá jẹ́ pé ìrù tó yọ kọjá bóòtì nìkan ló tú bí ìgbálẹ̀, jíà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹ lè máa gùn ún lọ. Àmọ́ ẹ gé e mọ́, kẹ́ ẹ dé e ní fìlà, torí ó máa ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní láti tú wáyà yẹn lọ́jọ́ kan, ìrù tó ti tú ò ní gba inú rọ́bà kọjá mọ́ láéláé.

Abẹ́ bóòtì tàbí ṣáájú ẹ̀ díẹ̀. Èyí ti ń fa ẹrù. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Inú ọwọ́ jíà. Lónìí. Ẹ má gùn ún lọ síbi tẹ́ ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn padà, torí tó bá já síbẹ̀, orí wáyà á kù sínú ẹ̀rọ, àwọn fọ́nrán tó já á wọnú eyín tó ń ka jíà, nǹkan tẹ́ ẹ bá fi wákàtí kan ṣe á wá di iṣẹ́ odindi ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀kan: àwọn wáyà kan wà tí wọ́n fi nǹkan bí ọ̀dà bò lára kó lè máa yọ̀ dáadáa. Ọ̀dà yẹn máa ń ṣí, á wá dà bíi pé wáyà ń hu òwú. Òwú kọ́ ni fọ́nrán o. Ẹ fi ìṣẹ́po aṣọ nù ún: tó bá kúrò wẹ́rẹ́, ọ̀dà ni, tó bá fa aṣọ já, irin ni. Aṣọ ni mo ní o, ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é. Fọ́nrán kan wọ ìka mi nígbà kan, ó kéré débi pé mi ò rí i, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ta gìrì tí mo bá di nǹkan mú.

### Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ inú ọwọ́ jíà wò láì tú nǹkan kan

1. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ẹ yí pẹ́dà, kẹ́ ẹ gbé ṣéènì lọ sórí jíà tó tóbi jù lẹ́yìn.
2. Ẹ dá pẹ́dà dúró. Láì yí i rárá, ẹ tẹ ọwọ́ jíà tó ń sọ ṣéènì kalẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní dún mọ́.
3. Wáyà máa dẹ̀ pátápátá torí ṣéènì ò tíì kúrò lókè. Ẹ fa rọ́bà wáyà jáde níbi tó kì bọ ara fírémù.
4. Ẹ fa búrékì mọ́ra kẹ́ ẹ lè rí ihò tí orí wáyà máa ń gbà jáde, ẹ ti wáyà sókè, orí ẹ̀ á yọ síta díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń dán, tó sì lọ́ pọ̀ mọ́ra dáadáa, ẹ dá a padà, wàhálà yín wà níbòmíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí inú rọ́bà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ fọ́nrán kan péré tó já, ẹ máa ka ìyókù lọ. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí wáyà wọn wọnú fírémù pátápátá lè má ní ibi tẹ́ ẹ máa ti fa rọ́bà jáde, ẹ̀yin ẹ tú bóòtì wáyà ni.

## Nǹkan tẹ́ ẹ máa kó kalẹ̀

- Wáyà jíà tuntun, 1.2 mm, tó gùn tó mítà méjì fún ti ẹ̀yìn
- Rọ́bà wáyà jíà, 4 mm, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìyẹn náà
- Àwọn fìlà rọ́bà (èyí tí wọ́n ń fi dé ẹnu rọ́bà wáyà), àti fìlà ẹnu wáyà kan tàbí méjì (ó máa ń sọnù)
- Ohun ìgé wáyà gidi, èyí tó ń gé yí po. Pílẹ́à lásán á tẹ̀ ẹ́ fẹlẹ ni
- Álẹ́ń kíì 4 mm àti 5 mm
- Abẹ́rẹ́ ńlá tàbí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó, pílẹ́à ẹlẹ́nu gígùn, tọ́ọ̀ṣì
- Gíláàsì ojú. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́, wáyà tí wọ́n gé máa ń ta

Ẹ wo orí wáyà dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Orí wáyà fún jíà Shimano àti SRAM rí bákan náà, ti Campagnolo kéré jù ú lọ, ẹ ò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ má tún gba wáyà búrékì, ìyẹn nípọn ju èyí lọ, nǹkan bíi 1.5 sí 1.6 mm, kò ní wọnú rọ́bà jíà dáadáa.

Ìkìlọ̀ tí mi ò ní rẹ̀wẹ̀sì láti máa tún sọ: ẹ má ṣe fi rọ́bà wáyà jíà sí búrékì láé. Irin inú rọ́bà jíà ò lọ́ yí po bíi ti búrékì, gbọọrọ ni wọ́n tò ó, tẹ́ ẹ bá fún búrékì pọ̀ ó lè bẹ́. Tí jíà bá bàjẹ́, ilé lẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Ti búrékì ò rí bẹ́ẹ̀.

## Yíyọ wáyà àtijọ́

1. Ẹ yí pẹ́dà, kẹ́ ẹ sọ ṣéènì kalẹ̀ sórí jíà tó kéré jù lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ wáyà iwájú lẹ fẹ́ yọ, jíà kékeré iwájú ni.
2. Ẹ tún tẹ ọwọ́ jíà náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta sí i. Ó gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí wáyà ò ní kọjú sí ihò, ẹ máa tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibí yìí ni èèyàn mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́wàá tó pè mí ti há.
3. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò bí wáyà ṣe gba abẹ́ bóòtì. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n là síbẹ̀ fún un, apá tó wà ṣe pàtàkì, tẹ́ ẹ bá gbé e gba apá kejì bóòtì, jíà kankan ò ní bọ́ sípò.
4. Ẹ tú bóòtì, kẹ́ ẹ wá gé ibi tó tú àti ibi tó pẹlẹbẹ kúrò. Ẹ gé e kẹ́ ẹ tó fà á, torí tẹ́ ẹ bá fa wáyà tó ti tú gba inú rọ́bà, á ha inú rọ́bà yẹn bí ẹni fi irin ha ìkòkò.
5. Ẹ ká rọ́bà ìdìmú sókè díẹ̀ tí ihò bá wà lábẹ́ ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ti Shimano, ẹ kàn fa búrékì mọ́ra lẹ máa rí i, ti SRAM àti Campagnolo wà lábẹ́ rọ́bà.
6. Ẹ ti wáyà láti ìsàlẹ̀ kó gba ihò jáde, ẹ má fà á sísàlẹ̀. Tí orí bá ti yọ, ẹ fi pílẹ́à mú un jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ máa fà á lọ.
7. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìdí orí ẹ̀. Ṣé gbogbo fọ́nrán pé? Tí ọ̀kan bá kúrú, ìyókù ẹ̀ ti kù sínú, ẹ wá a kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí.

Ọwọ́ kan náà ló ń fa búrékì o, wáyà tiẹ̀ wà nítòsí níbẹ̀, ẹ má lọ tú ìyẹn ní àṣìṣe.

## Tó bá ti já, tí orí ẹ̀ kù sínú ńkọ́?

Ẹ fọwọ́ kúrò lára ọwọ́ jíà. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn láti máa tẹ̀ ẹ́ bóyá nǹkan á bọ́ sípò, èmi náà tẹ tèmi bíi ìgbà ogún lọ́jọ́ tó já mọ́ mi lọ́wọ́, nígbà tí mo ṣí i, fọ́nrán ti wé mọ́ eyín inú ẹ̀ bí irun ṣe ń wé mọ́ kóòmù. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo mọ̀ pé irin lè ní orí kunkun.

1. Ẹ ká rọ́bà ìdìmú kúrò. Tí pákó ike kékeré kan bá bo inú, ẹ tú síkúrúù ẹ̀ sórí aṣọ funfun, torí ó kéré gan-an, tó bá bọ́ sílẹ̀ ó di àwátì.
2. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti gbogbo apá. Ẹ wá fọ́nrán tó yọ sókè, ẹ fi abẹ́rẹ́ kó wọn jọ, kẹ́ ẹ fi pílẹ́à ẹlẹ́nu gígùn mú gbogbo wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ẹyọ kan, ẹyọ yẹn nìkan ló máa já.
3. Ẹ wá tẹ ọwọ́ jíà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wò bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Orí wáyà máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi ihò. Tó bá há, ẹ dúró, ẹ padà sí nọ́ńbà 2. Ẹ má fi agbára ṣe é.
4. Ẹ dojú ihò kọlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdí sukurudiráfà gbá ara ọwọ́ jíà jẹ́jẹ́.
5. Kò jáde? Ẹ mú wáyà tuntun tàbí èyí tẹ́ ẹ gé kù, ẹ tì í bọ ibi tí wáyà máa ń gbà jáde nínú ọwọ́ jíà, á lọ kan orí tó há yẹn lẹ́yìn, á sì tì í bọ́ síta. Ọgbọ́n yìí ló yọ tèmi.
6. Ẹ to gbogbo ègé tó jáde sórí aṣọ, kẹ́ ẹ fi wọ́n wé wáyà tó já. Ẹyọ kan tó bá kù sínú á máa dí jíà lọ́wọ́ nígbà tí kò bá wù yín rárá.
7. Ẹ tẹ ọwọ́ jíà lọ sókè, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀. Tó bá ń dún déédéé ní gbogbo jíà, ẹ ti bọ́.

Tó bá ṣì há lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má tú ẹ̀rọ inú ẹ̀ palẹ̀ nílé, sípíríìnì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fò. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, ọwọ́ jíà tuntun lẹ máa rà, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìyẹn àti wáyà kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ní owó.

## Rọ́bà wáyà: ṣé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹ ti wáyà tuntun bọ inú rọ́bà tó ti wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka méjì fà á lọ fà á bọ̀. Tó bá ń yọ̀ bí ilá, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ń ha, tàbí ẹnu rọ́bà ti là, tàbí ipata ń jáde níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó ká wọ derailleur ẹ̀yìn ni ìdọ̀tí máa ń pọ̀ sí jù torí ìsàlẹ̀ ló wà, ẹ̀gbẹ́ táyà, gbogbo omi àti ẹrẹ̀ ló ń gbà. Tí àyè tàbí owó bá há, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ téèpù ìdarí ló ń gba sùúrù, torí ẹ máa tú téèpù, ẹ tún máa we òmíràn, mo máa ń dúró di ìgbà tí téèpù bá ti gbó kí n ṣe méjèèjì pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé tuntun, ẹ fi ti àtijọ́ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ gé e gbọọrọ láì dagun, kẹ́ ẹ fi fáìlì ha ẹnu ẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi abẹ́rẹ́ la inú ẹ̀ padà, torí tẹ́ ẹ bá gé e, ike funfun inú máa ń pa ẹnu dé. Èyí làwọn èèyàn máa ń fò, wọ́n á wá sọ pé wáyà tuntun ò dáa.

Ẹ má fi gírísì kun wáyà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kì bọ inú rọ́bà tó ní ike. Gírísì lásán máa ń kó eruku mọ́ra, nígbà tó bá pẹ́ á dà bí àmọ̀. Àwọn rọ́bà míì ní ọ̀rá tiwọn nínú láti ilé iṣẹ́, ìyẹn tó.

## Fífi wáyà tuntun sí

1. Ẹ rí i pé ọwọ́ jíà ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tẹ́nì kan bá ti fọwọ́ kàn án (àwọn ọmọdé ò lè ṣe kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́), ẹ tún un tẹ̀.
2. Ẹ má gé ẹnu wáyà tuntun. Wọ́n ti jó o pọ̀ láti ilé iṣẹ́ kó má baà tú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.
3. Ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ inú ihò. Tó bá kọ̀ tí kò jáde lápá kejì, ẹ tẹ ẹnu ẹ̀ díẹ̀ bíi ìwọ̀ ẹja, kẹ́ ẹ máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń tì í.
4. Ẹ fà á títí orí ẹ̀ á fi jókòó sínú. Ẹ di wáyà mú pẹ̀lú ọwọ́ kan kó le, kẹ́ ẹ fi èkejì tẹ ọwọ́ jíà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fa yín ní jíà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá fà, orí ẹ̀ ò tíì jókòó.
5. Ẹ ki wáyà bọ àwọn rọ́bà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fìlà wọn. Lẹ́yìn rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á wò kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń yọ̀.
6. Lábẹ́ fírémù, níbi pẹ́dà, ike kan wà tí wáyà ń gbà kọjá. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé wáyà lé e, ẹrẹ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu.
7. Ẹ yí ajọ́sítà wọlé pátápátá, kẹ́ ẹ wá tú u síta ní ìyípo méjì, kẹ́ ẹ lè ní àyè láti yí i sí apá méjèèjì.
8. Ẹ wo fọ́tò tẹ́ ẹ yà, ẹ gbé wáyà sí ihò ẹ̀ lábẹ́ bóòtì, ẹ fà á kó nà, kẹ́ ẹ dì í. Ọ̀pọ̀ ti Shimano tuntun ń fẹ́ 6 sí 7 Nm (ìwọ̀n agbára tẹ́ ẹ fi ń di bóòtì). Tẹ́ ẹ ò bá ní sípánà tó ń wọn agbára, ẹ dì í kó le, àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ara lé e, tó bá pẹlẹbẹ síbẹ̀ ibẹ̀ náà ló máa ti já.
9. Ẹ mú wáyà níbi tó wà níta lára fírémù, kẹ́ ẹ fà á síta bí okùn gìtá lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Rọ́bà àti fìlà á jókòó sípò, wáyà á dẹ̀ díẹ̀. Ẹ tú bóòtì, ẹ fa èyí tó dẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tún un dì.

Gígé ìrù ńkọ́? Ẹ má tíì gé e. Ẹ jẹ́ kí jíà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

### Tí wáyà bá gba inú fírémù kọjá

Ẹ má fa wáyà àtijọ́ jáde báyìí o! Ẹ kọ́kọ́ gé ìrù ẹ̀ mọ́, ẹ ti ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ (irú èyí tó máa ń wà nínú rọ́bà wáyà) wọ ara wáyà náà láti ìrù títí á fi gba inú fírémù já sápá kejì, kẹ́ ẹ tó wá fa wáyà kúrò. Ọ̀pá yẹn ló máa mú wáyà tuntun mọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ti fà á jáde kẹ́ ẹ tó ka ibí yìí, ẹ so ègé fóòmù kékeré mọ́ òwú, ẹ ki fóòmù yẹn bọ ihò kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á láti ihò kejì. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ dí àwọn ihò yòókù pa.

## Títo jíà

Ẹ má fọwọ́ kan síkúrúù H àti L, àwọn síkúrúù kékeré lára derailleur tó ń pààlà ibi tó lè rìn dé. Wáyà lẹ pààrọ̀, àwọn yẹn ò yí kúrò níbi tí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá lọ tú L láìnídìí, derailleur lè wọnú sípóòkù, ẹ wá ní wàhálà tó tóbi ju wáyà lọ.

1. Pẹ̀lú ṣéènì lórí jíà tó kéré jù, ẹ yí pẹ́dà, kẹ́ ẹ tẹ ọwọ́ jíà lẹ́ẹ̀kan sókè.
2. Kò gun èkejì, tàbí ó lọ́ra? Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ yí ajọ́sítà bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì, ìlàjì ìyípo lẹ́ẹ̀kan.
3. Ó fò kọjá èkejì, tàbí ó ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀? Ẹ yí i bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì.
4. Ẹ gun gbogbo jíà lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ padà. Tó bá ń gùn dáadáa àmọ́ tí kò sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ yí títí tí méjèèjì ò jọ gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajọ́sítà mọ́, nǹkan kan ń há wáyà nínú rọ́bà.
5. Ìgbà yìí lẹ wá gé ìrù. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀, ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi fìlà dé e, kẹ́ ẹ fún un. Kò sí fìlà? Súpà gúlù díẹ̀ á mú un títí ẹ fi máa rí òmíràn.

Lẹ́yìn ìjáde kìíní tàbí èkejì, wáyà á tún dẹ̀ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ yí ajọ́sítà lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó parí síbẹ̀. Tí kò bá parí síbẹ̀, bóòtì ò mú un dáadáa tàbí orí wáyà ò tíì jókòó.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Fífi pílẹ́à gé e, ìrù á tú lójú ẹsẹ̀
- Gígé ìrù kúrú jù, tí wọn ò rí ibi dì mú mọ́ tí wáyà bá dẹ̀
- Fífi fọ́nrán tó já lọ́ mọ́ra, wọ́n á ní ó ti dáa. Kò dáa
- Gbígbàgbé fìlà rọ́bà kan, rọ́bà á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, jíà á máa yí padà
- Pípààrọ̀ ti ẹ̀yìn tó ti gbó láì wo ti iwájú rárá. Ti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ jù lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣáà wò ó

## Ó já sójú ọ̀nà

Tó bá jẹ́ ti iwájú, ṣéènì á bọ́ sórí jíà kékeré iwájú, ẹ máa lo ti ẹ̀yìn délé, kò sí ìṣòro. Ti ẹ̀yìn ló burú, torí derailleur á sáré lọ sórí jíà tó kéré jù, ìyẹn èyí tó wúwo jù lẹ́sẹ̀, òkè kékeré á wá dà bí àjà.

- Gbé síkúrúù H wọlé. Ẹ yí i bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì, á ti derailleur lọ sórí jíà kejì, nígbà míì ìkẹta. Ẹ ka iye ìyípo tẹ́ ẹ yí kẹ́ ẹ lè dá a padà.
- So ó mọ́ bóòtì ìdí ìgò omi. Ó ń ṣiṣẹ́ tí wáyà bá gba ìta fírémù. Ẹ fa wáyà tó kù títí ṣéènì á fi dé àárín, ẹ wé e mọ́ bóòtì yẹn, kẹ́ ẹ dì í. Jíà kan péré lẹ ní báyìí lẹ́yìn, àmọ́ ó dáa ju èyí tó wúwo lọ.
- Ìyókù wáyà tó ń fì kiri, ẹ ká a, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fírémù. Tó bá wọ táyà, ẹ máa ṣubú.

Ẹ rántí pé ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ọwọ́ jíà yẹn mọ́ títí ẹ fi máa délé.

## Ìgbà wo ló yẹ ká máa pààrọ̀ ẹ̀?

Tèmi, mo máa ń pààrọ̀ wáyà ẹ̀yìn ní nǹkan bíi 4,000 km tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń gun òkè gan-an, tó ń pààrọ̀ jíà ní gbogbo ìṣẹ́jú, kó má dúró tó yẹn. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ẹ̀ sórí ègé téèpù kan lábẹ́ àga kẹ̀kẹ́, torí mi ò lè rántí, wáyà tuntun kan sì wà nínú àpò kékeré tó wà lábẹ́ àga yẹn kan náà, mo ká a, mo fi rọ́bà dè é.